Àjò Kì í Dùn Kí Onílé Má Relé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìdìbò. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ìlú tí a gbé bí wa, àti ti àwọn adùn kéékèèké tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí a di ẹrù wa wá sí Èkó.

Ó ti di àṣà fún àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin, tí gbogbo wa jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, láti máa péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Èbúté-Mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́, ọ̀kan ń ta aṣọ, ọ̀kan ń tún aago ṣe, àwa tí a sì ń kọ ìwé yìí jẹ́ akọ̀wé lásán. A kò pe ara wa ní ẹgbẹ́, nítorí pé a kò ní alága, a kò ní akápò, a kì í sì í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá pẹ́ dé. Ọpọ́n ayò kan ni ó wà láàárín wa, tòun ti ihò rẹ̀ 12 àti ọmọ ayò 48, àti ẹ̀pà sísun nínú àwo. Bí a bá ti ta ọ̀tá kan tàbí méjì, ọ̀rọ̀ ilé a sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé abẹ́ òkúta ni lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Ní ọdún 1830 ni àwọn baba ńlá wa, lẹ́yìn tí ogun ti tú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá, tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé ẹsẹ̀ àpáta Olúmọ, tí wọ́n sì rí ibi ìsádi níbẹ̀. Ìtàn náà ni a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà ní kékeré, ogun kọ́ ni àpáta ń rán wa létí. Ibi tí a ń sá láfún sí ni. Àwọn ìyá wa a bó pákí, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a sì sá a sórí àpáta tí oòrùn ti mú gbóná. Iṣẹ́ ti àwa ọmọdé ni láti máa lé ewúrẹ́, kí a sì máa wo ojú ọ̀run nítorí òjò. Nígbà tí ewúrẹ́ kò bá sí nítòsí, a ń fi ìdí yọ̀ láti orí àpáta wá sílẹ̀ títí ṣòkòtò wa yóò fi lu. Ìyà tí a jẹ nítorí ṣòkòtò nígbà náà pọ̀ ju èyí tí a jẹ nítorí ìwé lọ.

Èyí ni irú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Olùkọ́ a máa sọ nípa òru oṣùpá, nígbà tí àwọn NEPA bá ti pa iná, tí ìyá àgbà yóò sì pe gbogbo ọmọ agbo ilé jọ láti pa àlọ́ ìjàpá fún wọn. Aláṣọ a máa sọ nípa ọjà Ìtòkú, bí a ti ń gbọ́ ìró kùmọ̀ lára aṣọ láti òwúrọ̀, pò, pò, pò, bí ẹni pé àwọn obìnrin náà ń gún iyán fún gbogbo ìlú. Ẹni tí ń tún aago ṣe ni ó sì mọ ọ̀rọ̀ ilé sọ jù wá lọ. Bí ó bá ń sọ nípa ìrẹsì Òfadà nínú ewé, pẹ̀lú ata tí ó ń ta èéfín lókè rẹ̀, omi a bọ́ sí wa lẹ́nu. Bí ó bá sì ń sọ nípa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tí ó tọ́ ọ dàgbà, ohùn rẹ̀ a rọ̀. Aláró ni ìyá náà. Èlú ni ó ń rẹ, ẹ̀kọ láfún ni ó sì fi ń ya àwòrán sára aṣọ pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ, kí aró má baà mú ibẹ̀. Ó ní ọwọ́ ìyá náà dúdú mìnìjọ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, àti pé nígbà tí òun wà ní ọmọdé, òun rò pé bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ bi í léèrè láìní èrò kan lọ́kàn pé, “Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà wo ni o délé kẹ́yìn?” Ọmọ ayò ń bẹ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kò sì jù wọ́n sínú ihò. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Ọdún kẹsàn-án rèé.”

Ẹnu yà wá. Ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ilé bọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, òun ni kò ì tí ì délé láti ọdún mẹ́sàn-án! Nígbà tí a rọ̀ ọ́, ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Láti ìgbà tí fóònù ti ń sọ aago fún tọmọdé tàgbà, iṣẹ́ rẹ̀ ti fà sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n jọ kúrò nílé ti kọ́lé, òmíràn ti ra ọkọ̀, òun sì wà nínú yàrá kan tí ó háyà. Ó ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá náà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè yọjú. Ó ní, “Wọn yóò bi mí pé, ilé rẹ dà? Kí ni n ó sọ?”

Kí a má baà dà bí ẹni tí ń fi àpá ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ọdún Àjíǹde méjì ni àwa náà ti jókòó sí Èkó, tí a ń purọ́ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì kò jẹ́ kí a ráàyè, nígbà tí ó jẹ́ pé owó aṣọ ẹbí ni kò sí. A mọ ìtìjú náà dáadáa. Ìdí nìyẹn tí a fi dìde tí a sì wí fún un pé ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jọ lọ.

Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Ní oṣù Júùnù ọdún 2021 ni a ṣí i, ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta ń jẹ́ orúkọ Mobọ́lájí Johnson, èyí tí ó wà ní Láderin ní Abẹ́òkúta sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. A ra búrẹ́dì Agége mẹ́rin, nítorí pé ará Èkó kì í lọ sílé láìmú búrẹ́dì dání. Ọ̀rẹ́ wa gbé méjì lé itan, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Pápáláńtò. Nígbà tí àwọn àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí láàárín igbó, a rí i tí ó ń fi ọwọ́ nu ojú, a sì ṣe bí ẹni pé a kò rí i.

Láti Láderin a wọ mọ́tò dé Ìtòkú, a sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú agbo ilé náà. Ìyá náà jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri. Ìkòkò aró rẹ̀ ti di ibi tí adìẹ ń yé sí, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́ ju òjìji lọ. Ọ̀rẹ́ wa dúró lókèèrè, ó ní, “Ẹ kú ilé o, ìyá.”

Ìyá náà gbé orí sókè. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pè é ní oríkì rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi pè é ní Èkó rí. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àti búrẹ́dì. Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá náà bi í kò ju pé, “Ṣé o ti jẹun?”

Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní, “Ẹ má bínú, ìyá, mi ò tí ì rí ilé kọ́, ni mo ṣe…” Ìyá náà kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Ó ní, “Ta ní bi ọ́ ní ilé? Ilé bàbá rẹ ti kún ni? Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ ń tẹ̀ mí lọ́wọ́, Ọlọ́run yóò san án fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe owó, kì í jẹ́ mi.”

Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tí ó dùn ún jù lọ. Àbúrò ìyá náà ọkùnrin, ẹni tí ó kọ́ ọ̀rẹ́ wa ní ayò, ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ wa ti gbọ́ nípa ikú náà, ó sì fi owó ránṣẹ́ fún ìsìnkú, ṣùgbọ́n kò yọjú. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bàbá náà bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dákẹ́, ó ní kí wọ́n wò ó bóyá ó wà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin ará, kò sí owó tí a lè fi ra ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà padà. Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé, àwa náà kò sì mọ ohun tí a ó sọ.

Síbẹ̀, Ọlọ́run ṣàánú, nítorí pé ìyá náà wà láàyè. Wọ́n ro láfún fún wa pẹ̀lú ewédú àti ẹja díndín. Àwọn ará ilé wá kí wa lẹ́yọ lẹ́yọ. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ilé, kò sí ẹni tí ó bèèrè ọkọ̀. Orúkọ ìyàwó àti iye ọmọ ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n sì ń fi búrẹ́dì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, ọ̀rẹ́ wa mú ìyá náà lọ́wọ́ lọ sórí àpáta tí ó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Àpáta náà ṣì móoru, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nígbà tí a ń ṣọ́ láfún. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Èkínní ni fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi. A máa ń rò pé ilé ń dúró de ọrọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn wa níbẹ̀ ń dúró de ohùn wa ni. Àwọn kan wà tí wọn kò ní lọ kí ìyá wọn nígbà ayé rẹ̀, tí wọn yóò sì yá owó ṣe òkú rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá wa ṣírò èyí: búrẹ́dì méjì àti owó ọkọ̀ ni ọ̀kan, àwẹ̀ owó ìnáwó òkú ni èkejì, èwo ni òkú ń jẹ nínú wọn?

Èkejì ni fún ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ọmọ yín bá ti Èkó dé, ẹ má ṣe wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan tí ẹ sọ nípa ilé tí kò ì tí ì kọ́ lè lé e sẹ́yìn fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tí a fẹ́ padà, ìyá náà ní kí wọ́n gbé ọpọ́n ayò olóògbé náà fún ọ̀rẹ́ wa. Ọpọ́n náà ti gbó, ihò rẹ̀ kan sì ti sán, ṣùgbọ́n òun ni a ń ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nísinsìnyí, tiwa sì ti wọ àjà. Ọ̀rẹ́ wa kò tí ì kọ́lé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó ti délé láti ìgbà náà, bí ó bá sì ń sọ ọ̀rọ̀ ilé fún wa ní ọjọ́ Ìsinmi, ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó ń sọ, kì í ṣe ti ìgbà èwe nìkan mọ́.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọjọ́ Sátidé ń bọ̀, ẹ̀yin ònkàwé wa. Búrẹ́dì kò wọ́n jù. Ó dìgbà kan ná.