Ìrora Ìbàdí Lẹ́yìn Ìtọ́jú Onítànṣán: Ṣé Jẹjẹrẹ Ló Ti Dé Egungun?

Obìnrin Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lè gba ìtọ́jú onítànṣán, èyí tí a ń fi ìtànṣán alágbára pa jẹjẹrẹ, ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n bí ìbàdí bá ń dùn ún lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn tòsí, irú bíi LAUTECH tàbí Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹ̀rù tí ó máa ń bá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ ti ràn dé egungun, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán tí ó wò ó sàn gan-an lè jẹ́ okùnfà ìrora náà.

Ìtànṣán kì í ṣàì kan egungun tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀: ó ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ń bọ́ egungun jẹ́, ó sì ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tún un ṣe, títí egungun yóò fi di ẹlẹgẹ́ tí ìrìn lásán lè mú kí ó sán, pàápàá lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Láàárín oṣù 6 sí 24 lẹ́yìn ìtọ́jú ni sísán yìí sábà máa ń hàn.

Nínú àyẹ̀wò egungun tí a ń fi èròjà technetium ṣe, tí a ń gún sínú iṣan kí ó lè lọ kó jọ síbi tí egungun ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, sísán àti jẹjẹrẹ ni wọ́n jọ máa ń fi àmì hàn, nítorí náà ibi tí àmì wà àti bí ó ṣe rí ni a ó wò. Àmì sísán kì í sábà kọjá ibi tí ìtànṣán kàn; ó sábà máa ń wà lọ́tùn-ún lósì egungun ìdí, ìlà kan a sì so méjèèjì pọ̀ bíi lẹ́tà H. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ a máa fọ́n káàkiri dé ìhà, ọ̀pá ẹ̀yìn àti itan, àwòrán MRI sì lè fi kókó tí ó ti jẹ etí egungun bọ́ sínú ẹran ara hàn.

Ìsinmi, ọ̀pá ìtilẹ̀, oògùn ìrora, kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì D ni a sábà fi ń tọ́jú sísán, ṣùgbọ́n bí a bá ṣì í pè ní jẹjẹrẹ, a lè tún da ìtànṣán lu egungun tí ó ti rẹ̀. Bí a bá sì tètè gé nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ojú ọgbẹ́ lè pẹ́ kí ó tó jinná.

Àgbà òṣìkà ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Àwòrán nìkan kò tó dá ẹjọ́ yìí. Kí aláìsàn gba ìwé tí ó sọ ọjọ́ ìtọ́jú, ibi tí ìtànṣán kàn àti ìwọ̀n rẹ̀, kí ó sì máa mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń kú tàbí ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó dé ilé ìwòsàn.