Oògùn Ara Ríro: Èyí Tó Ń Wo Ni àti Èyí Tó Ń Múni Lẹ́rú

 

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ tramadol àti codeine la fẹ́ bá yín sọ. Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ oògùn? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí oògùn bá ti di bárakú fún, owó òwò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa ná sí i. Bí kò bá wá rí owó tó yá san mọ́, ọrùn àwọn onídùúró rẹ̀ ni gbèsè ń bọ̀. Ohun tó bá ojú, ó bá imú.

Oògùn wọ̀nyí kì í ṣe ohun búburú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí tí àrùn jẹjẹrẹ ń dà láàmú, dókítà lè kọ irú wọn fún un. Kí ó lò ó bí wọ́n ṣe ní kí ó lò ó; kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀ràn dé nígbà tí alábàárù bá ń gbé e mì kí ó lè gbẹ́rù pẹ́, tí awakọ̀ ń lò ó kí ó lè wakọ̀ mọ́jú, tí ọmọdé sì ń mu ún kí orí rẹ̀ lè yí.

Nínú ọpọlọ ni oògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń pa ìrora, ó sì ń mú inú ẹni dùn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ara á mọ̀ ọ́n lára: ohun tí ẹyọ kan ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹyọ méjì kò ní lè ṣe é mọ́. Bí onítọ̀hún kò bá rí i lò, òógùn á bò ó, inú á máa ṣu, gbogbo ara á máa ro ó, kò ní rí oorun sùn. Nígbà náà, kì í ṣe agbára iṣẹ́ ló ń rà mọ́. Ó ń rà á kí àìsàn má bàa gbé e dè ni.

Ewu tó tóbi jù ni pé oògùn yìí ń dín mímí kù. Bí a bá lò ó jù, pàápàá tí a bá fi ọtí tàbí oògùn oorun lé e, èémí lè dúró lójú oorun. Tramadol sì tún lè fa gìrì. Ẹ máa wo nọ́ńbà tó wà lára páálí. NAFDAC kò fọwọ́ sí tramadol tó bá ju 100 lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ta 225 ní garáàjì. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìyẹn ju ẹyọ mẹ́rin lọ nínú ti 50.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n pè ní ti 2018, àwọn tó ń ṣi irú oògùn ìrora yìí lò tó mílíọ̀nù 4.6. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 kan náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi oògùn ikọ́ tó ní codeine wọlé. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọjà kéékèèké, ẹ má ṣe kó o mọ́ bisikíìtì àti mílíìkì. Bí NDLEA bá dé, ṣọ́ọ̀bù àti olówó rẹ̀ ló ń bá wọn lọ.

Bí ẹ bá rí ẹni tí a jí tí kò jí, tó ń han-anrun lọ́nà tó ṣàjèjì, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí dúdú inú ojú rẹ̀ sì kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ẹ sọ ohun tó lò fún wọn láìfi bò. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone, tó lè dá èémí padà bó bá tètè dé ara.

Bárakú kì í ṣe ìwà ọmọ burúkú nìkan; àìsàn tó ní ìtọ́jú ni. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba kò wò ó. Kí ẹni tó ti ń lò ó púpọ̀ má ṣe dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Bákan náà, ẹni tó ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tó wá padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kú. Wọ́n ń tọ́jú wọn ní Arò l'Abẹ́òkúta, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá àti ní UCH Ìbàdàn. Nọ́ńbà NDLEA tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìrànlọ́wọ́ ni 080010203040.

Ẹ̀yin onídùúró, bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ ẹnìkejì yín ń dẹ̀, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ti ìpàdé. Ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó ìtọ́jú fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀, kí ó wá bá ìgbìmọ̀. Ilé ìwòsàn gan-an la ó san owó náà fún, a kò sì ní ka orúkọ rẹ̀ síta.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní í tú o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́