Nígbà tí iye tí agbaṣẹ́ṣe pè bá ju owó ìjọba lọ: ọ̀rọ̀ àtúnṣe etí ọ̀sà ní Ṣómólú àti Bàrígà

Kí iṣẹ́ àtúnṣe kankan tó bẹ̀rẹ̀ ní etí omi, iye owó méjì ló máa ń pàdé lórí tábìlì. Èkíní ni iye tí àwọn ẹnjiníà ìjọba ṣírò, tí wọ́n sì fi sínú ètò ìṣúná. Èkejì ni iye tí àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń du iṣẹ́ náà kọ sínú ìwé wọn. Bí gbogbo iye tí àwọn agbaṣẹ́ṣe pè bá ga ju ti ìjọba lọ, iṣẹ́ á dúró, ṣùgbọ́n omi kì í dúró. Bí ìwé ṣe ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ń jẹ ilẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ ńlá kan fún bí owó àtúnṣe ṣe lè ga tó wà níwájú Bàrígà gan-an. Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, tó sì gùn ní kìlómítà 11.8, gba orí ọ̀sà Èkó kọjá, ẹni tó bá dúró létí omi ní Ìlàjẹ, Bàrígà, á máa wò ó gbangba. Ní 2025, Mínísítà fún Iṣẹ́ Òde, David Umahi, ṣàlàyé pé àtúnṣe afárá náà yóò ná ìjọba àpapọ̀ ní nǹkan bíi tírílíọ̀nù 3.8 náírà, nígbà tí kíkọ́ òmíràn yóò ná nǹkan bíi tírílíọ̀nù 3.6. Ti Afárá Carter, tó wà ní Èkó bákan náà, rí bẹ́ẹ̀: nǹkan bíi bílíọ̀nù 380 fún àtúnṣe, bílíọ̀nù 359 fún tuntun. Ó ní wíwa yanrìn láìgbàṣẹ wà lára ohun tó ń ṣèpalára fún àwọn òpó tó wà lábẹ́ omi. Ìyẹn ni pé iye àtúnṣe lè ga débi tí yóò fi ju iye ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe lọ.

Ohun tó ń gbé iye owó ga

Ohun àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ abẹ́ omi. Ẹni tó ń kọ́lé lórí ìyàngbẹ ilẹ̀ ń wo ibi tó fẹ́ gbẹ́, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ rírọ̀ pọ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà, ibi tó le sì lè jìnnà. Bí ìjọba kò bá gbẹ́ ihò àyẹ̀wò tó pọ̀ tó kó tó polówó iṣẹ́, agbaṣẹ́ṣe kò ní mọ bí òpó yóò ṣe wọlẹ̀ tó, tàbí bí yanrìn tí yóò dà síbẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Yóò wá bu owó ìbẹ̀rù lé e, kí ó má baà jẹ gbèsè.

Ìkejì ni ẹ̀rọ. Gbígbé ọkọ̀ tó ń fa yanrìn wá sójú iṣẹ́, gbígbé e kalẹ̀ àti gbígbé e padà ń ná owó ńlá, ìbáà jẹ́ mítà igba ni wọ́n fẹ́ ṣe tàbí kìlómítà méjì. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kékeré fi máa ń wọ́n ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Ìkẹta ni náírà. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gún mọ́ etí omi, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti ọ̀pọ̀ ohun èèlò mìíràn ń ti òkè òkun wá. Ní Okúdù 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 náírà ṣáájú ìgbà náà ti ju 1,500 lọ ní Èrèlé 2024. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: nígbà tí náírà bá ń já, iye tí wọ́n dá fún oníbàárà lọ́jọ́ Ajé lè má dúró di ọjọ́ Ẹtì, nítorí òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bébà àti yíǹkì ti ń wá. Bí bébà bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká ti wí nípa iṣẹ́ tí yóò gba ọdún méjì? Ìṣirò tí ìjọba ṣe lọ́dún tó kọjá ti di ọ̀rọ̀ àná kí wọ́n tó ṣí àpòòwé.

Ìkẹrin ni ìwà ẹni tó gbéṣẹ́ fúnni. Agbaṣẹ́ṣe tó mọ̀ pé ìjọba kì í tètè sanwó yóò ti ka èlé báǹkì mọ́ iye tó pè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àríyànjiyàn lórí ẹni tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ lórí omi. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀, fa ọ̀rọ̀ náà títí, kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó dá NIWA láre ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2024.

Ohun tí òfin sọ

Òfin ìgbéṣẹ́fúnni ìjọba àpapọ̀ ti 2007 ló de iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ láti 2011, àjọ tó ń bójú tó o sì wà. Lábẹ́ òfin 2007, gbangba ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣí ìwé àwọn olùdíje. Lẹ́yìn èyí, ìjọba kò gbọdọ̀ pe ẹnì kan sí kọ̀rọ̀ kó ní kó dín iye rẹ̀ kù. Àṣìṣe ìṣirò nìkan ni wọ́n lè tún ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọba lè kọ gbogbo ìwé náà kí ó tó gba ọ̀kan, láìsan gbà-má-bínú fún ẹnikẹ́ni. Òfin náà ní bí owó agbaṣẹ́ṣe bá pẹ́ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ, èlé gbọdọ̀ gorí rẹ̀. Àwọn tó bá gbìmọ̀ pọ̀ láti gbé iye ga, tàbí tó gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, ó kéré tán.

Ọ̀nà àbáyọ

Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kí ìjọba tún ìṣirò tirẹ̀ yẹ̀ wò. Bí olùdíje mẹ́rin bá pe iye tó sún mọ́ra, tí ti ìjọba nìkan sì kéré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìjọba ló ṣì í, tàbí kó jẹ́ pé àwọn mẹ́rin náà ti gbìmọ̀ pọ̀. Fífi ìlà kọ̀ọ̀kan wéra, láti orí òkúta dé orí epo dísẹ́ẹ̀lì, ló ń fi èyí tó jẹ́ òótọ́ hàn.

Bí ìṣirò ìjọba bá ti gbó, kí wọ́n wá owó kún un. Bí owó kò bá sí, kí wọ́n yí iṣẹ́ náà padà, kí wọ́n sì polówó rẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n lè fi àpótí wáyà tí wọ́n kó òkúta sí rọ́pò irin níbi tí ìgbì kò ti le, nítorí omi ọ̀sà kò le bíi ti òkun. Wọ́n lè ṣe ibi tó ń wó lọ́wọ́lọ́wọ́ ṣáájú, kí wọ́n sì kọ ìpele tó kù sínú ìwé gbangba, kó má baà di gígé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n sì lè pa iṣẹ́ etí omi Bàrígà pọ̀ mọ́ ti àdúgbò tó múlé tì í, kí ẹ̀rọ tó bá wá lẹ́ẹ̀kan lè ṣe méjèèjì.

Ohun tí kò yẹ ni kí wọ́n sá tọ iye tó kéré jù láìwo iṣẹ́. Ìtàn etíkun Èkó fi hàn pé ohun tí a kò yanjú dáadáa máa ń padà gba owó. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ odi òkúta sí ẹnu ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Odi náà dí ọ̀nà yanrìn tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etíkun Bar Beach. Láti òpin àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń da yanrìn síbẹ̀ léraléra, tí òkun sì ń kó o lọ, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ odi ńlá tó ń dáàbò bo ìlú tuntun Eko Atlantic. Ohun tó rọjú nígbà kan ni wọ́n san lọ́pọ̀ ìgbà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Owó tí ìjọba bá ná lórí àyẹ̀wò ilẹ̀, ìṣirò tó bá ọjà mu àti sísan gbèsè lásìkò ló ń yọ owó ìbẹ̀rù kúrò nínú iye tí agbaṣẹ́ṣe ń pè. Àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà náà ní ipa tiwọn. Ní Igbe 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, ọjọ́ méje sì ni òfin náà fún ọ́fíìsì láti dáhùn. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ lẹ́tà, kí wọ́n béèrè iye tí ìjọba ṣírò àti iye tí olùdíje kọ̀ọ̀kan pè, kí omi ọ̀sà tó gba ilẹ̀ tó kù.