Pípa Èébú Rẹ́ Yàtọ̀ sí Pípa Ènìyàn Lẹ́nu Mọ́

Lábẹ́ fídíò tí ènìyàn bá gbé sórí YouTube tàbí Facebook, àyè wà fún kọ́mẹ̀ǹtì, ìyẹn ìdásí àwọn tó wò ó. Ọwọ́ ẹni tó ni ìkànnì ni kọ́kọ́rọ́ àyè yìí wà. Lórí YouTube, ó lè jẹ́ kí gbogbo ìdásí hàn lójú ẹsẹ̀, ó lè ní kí ẹ̀rọ dá èyí tó bá fura sí dúró títí òun yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè ti ibẹ̀ pa pátápátá. Ó lè to àwọn ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ jọ, kí ìdásí tó bá ní ọ̀kan nínú wọn má ṣe hàn. Ó tún lè fi ẹnì kan pamọ́: onítọ̀hún á máa kọ̀wé lọ, ẹlòmíràn kò ní rí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún un. Ìfipamọ́ yìí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́ lè béèrè ìdí; ẹni tí kò mọ̀, kí ni yóò béèrè?

Àkójọ ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Oko-Akarè jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè mẹ́fà tó wà lábẹ́ kọ́múnù Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Orúkọ ìlú yìí gan-an fi ìṣòro náà hàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ Nàgó tàbí Yorùbá lórí fóònù kì í fi àmì sí i. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń ro, ọkùnrin tó gbé obìnrin níyàwó, ohun ìrìnnà, àti ọ̀rọ̀ kan tí àgbà kì í là mọ́lẹ̀ láwùjọ, bákan náà ni ẹ̀rọ ṣe ń rí gbogbo wọn bí àmì kò bá sí: "oko". Onífídíò tó bá torí ìsọkúsọ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú àkójọ rẹ̀ ti dá ẹni tó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta gbàgúdá lóko dúró, àti ẹni tó kàn dárúkọ ìlú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni èébú tó ń dunni jù lédè yìí kì í sábà ní ọ̀rọ̀ rírùn nínú. Ìbéèrè kékeré kan nípa ibi tí bàbá ẹnì kan ti wá ti tó láti ba ìdílé méjì jẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò dá a dúró. Ènìyàn tó gbọ́ èdè, tó sì mọ ìlú, nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.

Ta ló ni ìkànnì náà? Obìnrin tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè lè pa ìdásí tí kò wù ú rẹ́, ilé rẹ̀ ni. Ti aláṣẹ yàtọ̀. Ní ìlú Port Huron ní Amẹ́ríkà, James Freed, tó jẹ́ alákòóso ìlú, pa ìdásí ará ìlú kan tó ń ta ko ọwọ́ tó fi mú àrùn kòrónà rẹ́ lójú ewé Facebook rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn adájọ́ sọ pé bí aláṣẹ bá ní agbára láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba, tó sì ń lo agbára náà lójú ewé rẹ̀, ìjọba ló pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Ojú tó yẹ kí a fi wo ìkànnì méèrì tàbí ti iléeṣẹ́ ìjọba nìyẹn.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wá láti Faransé. Ní ọdún 2011, òṣèlú kan, Julien Sanchez, fi ìdásí ìkórìíra tí àwọn mìíràn kọ nípa àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ lójú ewé rẹ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2023. Ẹni tó ni ìkànnì, tó rí iná tó sì dákẹ́, ní ìpín nínú ohun tó bá jó.

Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò wọn. Ṣùgbọ́n òfin orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2018, Code du numérique, sọ yíyọ ènìyàn lẹ́nu lórí ẹ̀rọ di ẹ̀ṣẹ̀. Ó yẹ kó dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń bú. Síbẹ̀, oníròyìn Bénin Web TV, Ignace Sossou, ni wọ́n fi òfin náà mú ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, nítorí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba tó gbé sórí Twitter. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún fún un; ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù, ó sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2020. Lẹ́yìn irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, onífídíò tí ẹ̀rù ń bà yóò máa pa ìbéèrè rẹ́ pọ̀ mọ́ èébú. Ìpalára tí ìbẹ̀rù yìí ń ṣe pọ̀ ju ti òfin lọ, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí fídíò tó gbòde, àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ti ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn lórí rédíò. Nínú ètò Grogne matinale ti Golfe FM ní Kútọnu, àwọn olùgbọ́ ń pè láti ráhùn. Bí atọ́kùn bá já ìlà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, gbogbo olùgbọ́ ló gbọ́ ọ. Ìdásí tí wọ́n pa rẹ́ kò ní ẹlẹ́rìí. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ìkànnì tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ kọ òfin rẹ̀ sábẹ́ fídíò ṣáájú: kí wọ́n má bú ìdílé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má tú àṣírí ilé onílé, kí wọ́n má halẹ̀ ikú. Kí òfin náà má fi ọwọ́ kan kókó ọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀nà tó bàjẹ́ tàbí owó orí ọjà.

Èyí tó ṣòro jù ni ìdásí tí èébú àti ìbéèrè gidi jọ wà nínú rẹ̀. Onífídíò kò lè tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ. Ó lè fi í sílẹ̀ tàbí kó pa á rẹ́. Ohun tó lè ṣe ni kó kọ ìbéèrè náà jáde lórúkọ ara rẹ̀, láìsí èébú, kó dáhùn rẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kó sọ ìdí tó fi yọ ìyókù, kó tó wá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.