Kí ló ń sọ 'Ṣ' inú orúkọ Yorùbá di àmì owó lójú òpó ayélujára?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló háyà yàrá sí Ayigya, àdúgbò tó fara ti ọgbà fásitì KNUST ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ ojú òpó ayélujára nínú wọn kì í pẹ́ kan iṣẹ́ yìí: kó orúkọ èèyàn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kó sì jẹ́ kí wọ́n jáde lójú ìwé nígbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè fún wọn.

Tó bá jẹ́ Kwame tàbí Abena ló tẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe wọlé náà ni yóò ṣe jáde. Àmọ́ tó bá jẹ́ Ṣadé, ó ṣeé ṣe kó jáde báyìí: á¹¢adÃ©.

Ẹ wò ó dáadáa. Àmì ¢ tí àwọn ará Ghana máa ń kọ mọ́ owó Cedi wọn ti wọ inú orúkọ ọmọ Yorùbá. Tó bá jẹ́ ṣ kékeré ni, £, àmì owó pọ́ùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló máa jáde. Ẹni tó tẹ orúkọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ilé ìdáná àti àwo

Ojú òpó tó ń gbé àkọsílẹ̀ jáde dà bí bùkà, èyí tí wọ́n ń pè ní chop bar ní Ghana. Database, níbi tí àkọsílẹ̀ wà, ni ilé ìdáná. Ìbéèrè tí ojú òpó fi ránṣẹ́ sí i ni oúnjẹ tí oníbàárà ní òun fẹ́ jẹ. Template ni àwo: ojú ìwé tí wọ́n ti tò sílẹ̀, tí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún orúkọ, ọjọ́ orí tàbí máàkì. Àwo kan náà ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún gbogbo èèyàn, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà kankan. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Ètò ASCII tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963 ní àyè 128 péré, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń rò. Latin-1 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gba é àti à mọ́ra nítorí àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Ɛ àti ɔ tí àwọn Akan fi ń kọ Twi náà kò sí níbẹ̀.

Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1991, ló wá ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: 7779 ni ti ṣ. Lọ́dún 1992, Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di àwọn nọ́ńbà yìí sí ìdì kéékèèké tó ń jẹ́ byte. Ìdì mẹ́ta ni ṣ gbà. Tí ojú ìwé bá rò pé Latin-1 ni wọ́n fi kọ ọ́, yóò ka ìdì mẹ́ta náà sí lẹ́tà mẹ́ta: á, ¹ àti £.

Èyí tó gbóògùn àti èyí tí kò gbóògùn

Irú àìsàn yẹn ṣì gbóògùn, torí pé àwọn nọ́ńbà náà kò tíì sọnù. Àmì ìbéèrè ló burú jù. Tí database kò bá ní àyè fún Ṣ rárá, ó lè fi ? rọ́pò rẹ̀ nígbà tó ń pa á mọ́. ?adé ló máa kù. Kò sí ẹni tó lè wo ? kó mọ̀ bóyá Ṣ, Ẹ tàbí Ɔ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n padà lọ bá ẹni tó ni orúkọ.

MySQL, ọ̀kan lára àwọn database tó wọ́pọ̀ jù lọ, máa ń lo latin1 bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò bá sọ nǹkan mìíràn, títí MySQL 8.0 fi jáde lọ́dún 2018. Àkọsílẹ̀ tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìyà yìí kò mọ sọ́dọ̀ Yorùbá. Ní Kumasi kan náà, Ɔkɔmfo Anɔkye, àlùfáà tí ìtàn Asante so mọ́ àga wúrà, lè di ?k?mfo An?kye.

Ṣẹ́gun méjì tí kò jọra

Àmì ohùn tún ní wàhálà tirẹ̀. Unicode kò fún ẹ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹnìkan lè kọ ọ́ bí ẹ pẹ̀lú àmì òkè: 7865 àti 769. Ẹlòmíì lè kọ é, kó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: 233 àti 803. Lójú, ọ̀kan náà ni. Àmọ́ tí wọ́n bá fi fóònù tẹ Ṣẹ́gun lọ́nà kìíní, tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wá a lọ́nà kejì, database tó ń wo nọ́ńbà nìkan yóò ní òun kò rí i.

Template wá lè pa kún un. Bí ìdáhùn kò bá sí, tí ẹni tó ṣe ojú ìwé kò sì rò ó tẹ́lẹ̀, tábìlì òfìfo ló máa jáde. Ẹni tó ń wá orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí fásitì gbà wọlé yóò rò pé wọn kò gba òun. Django, tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan nílùú Lawrence ní Kansas, tó sì di ti gbogbo ayé lọ́dún 2005, ní ọ̀rọ̀ kan fún èyí nínú template rẹ̀: empty. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ohun tí ojú ìwé yóò sọ bí àwo bá ṣófo. Kò yani lẹ́nu pé ilé iṣẹ́ ìròyìn ni irú rẹ̀ ti jáde, ta ló fẹ́ tẹ ojú ìwé òfìfo?

Ọ̀pọ̀ olùṣètò ń sá fún gbogbo wàhálà yìí, wọ́n á kàn yọ àmì kúrò. Ìyẹn dára fún wíwá orúkọ, kò dára fún ìpamọ́. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di oko, bẹ́ẹ̀ oko gan-an wà lọ́tọ̀. YorubaName.com, tí onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, ti fi hàn pé kò pọn dandan: orúkọ ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Ayigya máa ṣe kò pọ̀. Kí database, okùn tó so ó mọ́ ojú òpó, àti ojú ìwé fúnra rẹ̀ jọ lo UTF-8. Utf8mb4 ni MySQL ń pè é. Kó sọ gbogbo orúkọ di ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà kó tó pa wọ́n mọ́, kó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí wọ́n bá tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá a. Bó bá fẹ́ dán an wò, kó má fi Kwame ṣe é. Ṣẹ́gun àti Ɔkɔmfo Anɔkye ni kó kọ́kọ́ tẹ̀.