Àpá Àtijọ́ ní Ojú: Ṣé Kí Á Tún Un Ṣe?

Ní 1917, ní Sidcup ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣègùn Harold Gillies ń fi awọ ara àwọn ọmọ-ogun tún ojú wọn tí ogun ti bàjẹ́ ṣe. Síbẹ̀, ọ̀bẹ kò lè pa àpá rẹ́ pátápátá. Ó lè mú kí ó rọjú ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa: ǹjẹ́ àpá náà ń dí wa lọ́wọ́ láti mí, láti jẹun, tàbí láti pa ojú dé? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á má ṣe lọ́ra. Bí ó bá ṣe ti ẹwà nìkan, kí á rántí pé àpá àwa aláwọ̀ dúdú a máa wú ju ti òyìnbó lọ. Èyí tuntun lè tóbi ju ti àtijọ́. Bí ibi tí a ti lu etí wa bá ti wú rí, kí á sọ fún oníṣègùn kí ó tó mú ọ̀bẹ.

Ẹni tí ó ni ojú ni yóò pinnu, kì í ṣe àwọn tí ń wò ó.