Ọmọ Tí Kò Lè Kàwé Kì Í Ṣe Olódo

Bí ọmọ bá ti pé ọdún 13 tàbí 14 tí ìwé kíkà ṣì ń fún un ní wàhálà, olódo ni wọ́n sábà máa ń pè é. Orúkọ náà kò yẹ ẹ́. Lọ́dún 1896, Pringle Morgan, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó mọ ìṣirò, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ kéékèèké inú ìwé ń dà á láàmú. Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ náà ni ì bá já fáfá jù lọ nílé ìwé náà. Dyslexia ni ìṣòro yìí ń jẹ́. Ìmẹ́lẹ́ kọ́, àìlóye kọ́. Síso lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró ló nira fún ọmọ náà.

Ẹlòmíràn á bi wá pé: bí orí ọmọ bá pé, kí ló dé tí kò lè kàwé? Ọ̀tọ̀ ni làákàyè, ọ̀tọ̀ ni ìwé kíkà. Ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọdé kan lọ́dún 1983, wọ́n sì ń dán wọn wò bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Èsì tó jáde lọ́dún 2010 fi hàn pé láàárín àwọn tó ń kàwé geere, bí òye ṣe ń lọ ni ìwé kíkà ń lọ; láàárín àwọn tó ní dyslexia, ọ̀kan kì í fa èkejì lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń mú máàkì kékeré nínú ìdánwò òye wá láti fi hàn pé ọmọ kò lè kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè inú rẹ̀ ló dá lórí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn mọ̀, inú ìwé la sì ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Máàkì kékeré lè jẹ́ àbájáde àìkàwé, kó má jẹ́ ohun tó fà á.

Òótọ́ ni pé ó sàn kéèyàn bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ọ̀dọ́langba sì lè má kà yára bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tó ń to ìró àti lẹ́tà lẹ́sẹẹsẹ ṣì ń ṣe é láǹfààní. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ síléèwòsàn kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ẹ bẹ olùkọ́ rẹ̀ kó máa ka ìbéèrè sí i létí, kó sì jẹ́ kó fi ẹnu dáhùn. Ẹ má nà án nítorí ìwé kíkà, ẹ má sì yọ ọ́ nílé ìwé.